Ẹni Tó Wà Lórí Básíkù Ni Kó Sọ̀ Kalẹ̀

Èmi ni mo dá òfin yẹn sílẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má purọ́ mọ́ ẹlòmíì. Bí ẹ bá dé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà létí adágún Ẹlẹ́yẹlé láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ rí géńdé kan tó ń gun básíkù bọ̀, tó tajú kán rí àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó tẹ bíréèkì, tó bọ́ sílẹ̀, tó tẹrí ba, tó ní "Ẹ káàárọ̀ sà" kó tó máa lọ, ẹnu mi ni òfin náà ti jáde. Àwọn ẹgbẹ́ wa tá a jọ ń rìn láàárọ̀ ń yìn mí títí dòní. Wọ́n ní mo dá àṣà padà. Mo ti bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n pa òfin náà rẹ́, wọ́n ní láéláé, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ wo? Kì í ṣe torí àṣà ni mo ṣe é. Owú ni mo jẹ. Owú tó ń ta èèyàn láyà bí ata rodo, mo kàn wọ aṣọ àṣà fún un ni.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tá a ti jọ ń bọ̀. Yàrá iṣẹ́ kan náà la jọ jókòó sí ní Sẹkitéríàtì, tábìlì tèmi kọjú sí fèrèsé, tiẹ̀ kọjú sí mi, nítorí náà ojú mi ló ń wò ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ọ̀dọ̀ mi ló ṣì ń wá jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló bá mi sùn lórí ẹní títí ogójì ọjọ́ fi pé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbapò lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Kánádà, tí kò fẹ́ sunkún lójú ọmọ, inú kíṣìnì mi ló ti wá sun ún. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹ dákun, àwa ṣe é, a tún fi mẹ́wàá lé e. Ọdún kan náà la fẹ̀yìn tì. Oṣù méjì péré ni mo fi jù ú lọ, kò sì sẹ́ni tó ń ka oṣù méjì láàárín ọ̀rẹ́. "Ìwọ" là ń pe ara wa.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé mi dé etí adágún. Dókítà ní kí n máa rìn, mo ní mi ò lè dá rìn bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ọ̀rẹ́ mi ní òun á bá mi rìn. Ó tán. Mọ́ńdè, Wẹ́sídè àti Sátidé, kí ilẹ̀ tó là dáadáa, màá ti wa mọ́tò mi dé ẹnu gẹ́ètì rẹ̀ ní Bódìjà, kò jìnnà sí tèmi, a ó gba Sángo, a ó sọ̀ sí Ẹlẹ́yẹlé. Ọ̀nà tí à ń rìn yẹn, ìjọba kọ́ ló là á. Ẹsẹ̀ àwọn apẹja ló là á. Omi wà lápá kan pẹ̀lú ewé òṣíbàtà lójú rẹ̀, eèsún wà lápá kejì, ilẹ̀ pupa tó ń yọ̀ lẹ́yìn òjò, gbòǹgbò igi níbí, òkúta lọ́hùn-ún. Àwa méjèèjì á máa rìn, ẹnu wa ò ní dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá tó jẹ wá níyà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti darúgbó báyìí, ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé kejì tó ń gbọ́ rédíò bí ẹni tó ń jà. Tá a bá rìn tán, a ó ra àkàrà gbígbóná lójú ọ̀nà, a ó jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, epo á kán sí gbogbo ibi. Mo ṣe ọdún mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé adùn ni, mo rò pé bí ayé ṣe rí náà nìyẹn.

Ní Wẹ́sídè kan, ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́dún yẹn, mo dé ẹnu gẹ́ètì rẹ̀, mo fun fèrè mọ́tò, kò jáde. Mo tún un fun. Fóònù mi ló dún.

"Máa bọ̀ níbí, ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Mo ti wà létí omi."

Ó ti wà létí omi! Ta ló gbé e débẹ̀? Mo wa mọ́tò lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí àwọn èèyàn bíi mẹ́fà pẹ̀lú básíkù, irú èyí tí táyà rẹ̀ nípọn tó sì ní eyín ṣóṣóró, tí wọ́n fi ń gun òkè àti gbòǹgbò. Láàárín wọn, obìnrin kan dé akoto, ó wọ ṣòkòtò, ó jókòó lórí básíkù, ọmọbìnrin kan di ìjókòó rẹ̀ mú lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Mo wo akoto yẹn, mo wo ṣòkòtò. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ìyá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta!

"Kí lèyí?" mo bi í.

"Básíkù ni."

"Mo rí i pé básíkù ni. Mi ò fọ́jú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wù mí ni. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Ìlá, èmi ni mo máa ń fi básíkù bàbá mi gbé màmá mi lọ sóko?"

Mi ò mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé, mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Kí n tó lanu, ọmọbìnrin tó di ìjókòó mú ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ sọ èyí tí màmá yín já bọ́ sínú odò fún wọn, Mọ́mì." Áà! Òun ti gbọ́ ọ. Ó ti gbọ́ èyí tó ṣáájú, ó ti gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Olùkọ́ ni ọmọbìnrin yẹn ní yunifásítì, Agbowó ló ń gbé. Kò tíì pé ogójì ọdún. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ nípa egungun àti iṣan ara ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mi ò bìkítà nípa ohun tó ń kọ́ wọn. Ohun tí mo rí ni pé ara rẹ̀ yá gágá, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì mọ èèyàn í kí. Mi ò lè rí ẹ̀sùn kan fi kàn án, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ọ̀rẹ́ mi ló ń pè ní Mọ́mì. Èmi, "mà" ló ń pè mí.

Mo rò pé eré ọ̀sẹ̀ kan ni. Mo ní ká fún un títí Sátidé, á sú u. Sátidé dé, kò sú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó ti lè dá gùn ún. Ó ní kí n má wulẹ̀ máa yà lọ́dọ̀ òun mọ́, pé ọmọ Agbowó yẹn ní ọkọ̀ tó lè gbé básíkù, á máa wá gbé òun. Bí mo ṣe ń dá wa mọ́tò lọ nìyẹn, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo, mo gbé báàgì mi lé e kó má baà máa wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ bó ṣe rí. Mo ń rìn, wọ́n á gùn ún kọjá lára mi, ọ̀rẹ́ mi á juwọ́ sí mi, á ní "Ọ̀rẹ́ mi o!" Mi ò ní dáhùn. Màá kọjú sí omi bí ẹni tó ń ka ẹja. Tí mo bá délé, màá gbé fóònù, màá máa wo àwọn àwòrán tó ń gbé sórí Wáàsáàpù: òun àti wọn lórí òkè, òun àti wọn tí wọ́n ń mu omi àgbọn, òun àti ọmọbìnrin yẹn tí wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ara wọn. Màá tì í, màá tún ṣí i. Ní ọjọ́ kan mo rí i tí wọ́n jókòó sórí koríko, tí wọ́n ń tú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé. Mo mọ ọwọ́ tó pọ́n ewé yẹn. Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún tó kọjá pé kó se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé fún mi, tó ń sọ pé ewé ò sí lọ́jà, ọjà wo ló wá ti rí ewé fún àwọn ọmọ yunifásítì? Mo sọkún lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin àgbà, mo sunkún nítorí mọ́ínmọ́ín.

Mo ń dá ara mi lóhùn nínú ilé, mo ń sọ pé bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ kẹta tí ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́ dá? Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi, kò yí nǹkan kan padà.

Wọ́n sọ pé ẹni tó bá ń wá ẹ̀sùn kì í pẹ́ rí i. Básíkù ń pọ̀ sí i létí adágún, àwọn arìnrìn sì ń ráhùn. Wọ́n á yọ lójijì láti inú eèsún, bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sínú omi, ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sílé. Alága wa, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí, ní kí àwọn arìnrìn àti àwọn oníbásíkù pàdé lábẹ́ igi máńgòrò tí à ń gbé mọ́tò sí, ká jọ fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa lo ọ̀nà náà láìjà.

A pàdé. Ìpàdé tó dára ni, tí n kò bá wà níbẹ̀ ì bá parí síre. Alága ní kí oníbásíkù máa lu agogo láti òkèèrè, wọ́n gbà. Ó ní kí wọ́n rọra níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, wọ́n gbà. Ó ní kí àwa arìnrìn náà má máa tò bí odi dí gbogbo ọ̀nà, a gbà. Ọmọbìnrin Agbowó yẹn ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ó gbé akoto lé itan. Ó rí mi, ó fọwọ́ lu ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí n wá jókòó. Mi ò lọ. Ṣé kí n wá jókòó sáàárín àwọn oníbásíkù ni? Mo dìde, mo nawọ́.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," mo ní. "Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agogo yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ni í fi agogo kí àgbà? Ṣé ewúrẹ́ ni wá létí títì ni? Nígbà tí básíkù jẹ́ básíkù, tí bàbá mi ń fi tiẹ̀ ru kòkó bọ̀ láti oko, tó bá rí ẹni tó jù ú lọ lójú ọ̀nà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn! Á dọ̀bálẹ̀, á kí i, kó tó tún gùn ún. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé ìwé. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òfin níbí: ẹni tó bá wà lórí básíkù, tó bá rí ẹni tó jù ú lọ tó ń fẹsẹ̀ rìn, kó sọ̀ kalẹ̀, kó kí i."

Ẹ ò rí àtẹ́wọ́! Bàbá tí bàtà rẹ̀ bọ́ sómi dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin yẹn rọra nawọ́.

"Mà, ẹ má bínú o," ó ní. "Tó bá jẹ́ ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́? Sísọ̀ kalẹ̀ lójijì lè ṣe ẹlòmíì léṣe."

"Ẹni tí kò bá lè sọ̀ kalẹ̀, kó má gùn ún," ni mo dá a lóhùn.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí díẹ̀, ó wá ń wo akoto orí itan rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ìṣirò oṣù méjì yẹn. Èmi náà ti ṣe é kí n tó nawọ́.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo yí ọ̀nà tí mo fi ń rìn padà. Ibi tí wọ́n ń gbà bọ̀ ni mo forí lé, ká lè pàdé lójúkojú. Mo gbọ́ agogo. Ọ̀rẹ́ mi yọ. Ó rí mi, ó tẹ bíréèkì, ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó dúró, ó fọwọ́ kan di básíkù mú. Ó tẹ̀ díẹ̀ lórúnkún.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ó ní.

Ẹ! Ọ̀rẹ́ mi pè mí ní ẹ! Ó ta mí bí oyin, ó sì dùn mọ́ mi bí oyin, mi ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Mo ní, "Káàárọ̀ o. Ilé ńkọ́?" Ó ní "Wọ́n wà." Mo ní "Ọmọ ti Kánádà ńkọ́?" Ó ní ó pè lánàá, pé ìyàwó rẹ̀ ti lóyún. Mo ní o kú oríire. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Mo ní "Ó dáa, máa lọ." Ó gun básíkù rẹ̀, ó lọ.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún bí oṣù méjì. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan: lẹ́yìn tí a bá pàdé, màá gba àbùjá ẹ̀yìn igi ìrókò kan, màá tún bọ́ sí iwájú rẹ̀. Á tún sọ̀ kalẹ̀. Á tún kí mi. Mo kíyè sí i pé ó ti ń pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ balẹ̀. Á kọ́kọ́ di ìjókòó mú, á mí, á tún gbé ojú sókè kó tó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní sínú, wò ó bó ṣe ń ṣe ara rẹ̀ bí ìyáàfin, ó ń jẹ́ kí n mọ̀ pé òun ń ṣe mí lóore. Mo ní kó máa ṣe é lọ. Ọmọbìnrin Agbowó á máa dúró lẹ́yìn, á tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Inú mi ń dùn pé ó ń bínú.

Sátidé kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ibì kan wà tí ọ̀nà náà ti ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síbi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni mo wà. Mo gbọ́ agogo lókè, mo rí akoto rẹ̀. Ó rí mi. Mo lè yà sínú eèsún kí n sì juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ẹni tó ní làákàyè á ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró sójú ọ̀nà gbagidi.

Ó tẹ bíréèkì. Táyà yọ̀ díẹ̀, ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó fi òsì gbé ara rẹ̀. Òsì yẹn kò gbé e. Mo rí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ já, ó ṣubú lulẹ̀, básíkù sì wó lé e.

"Yéè! Orúnkún mi o!"

Mo sáré gòkè, mo yọ̀, mo dìde, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ọmọbìnrin yẹn ti wà níbẹ̀. Ó ti gbé básíkù kúrò, ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ti fi ọwọ́ sábẹ́ orúnkún gan-an gan-an níbi tó yẹ.

"Ṣé òsì yẹn náà ni, Mọ́mì? Èyí tí a yàwòrán rẹ̀?"

"Òun ni."

"Mo sọ fún yín. Mo ní tí ẹ bá ń bọ́ sílẹ̀ báyìí lójoojúmọ́, ó máa já."

Mo dúró lórí wọn. Ọ̀rẹ́ mi wà nílẹ̀, ó ń kérora, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tó kọ́kọ́ gún mi láyà kì í ṣe ìrora rẹ̀. "A" yẹn ni. Èyí tí a yàwòrán rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ lọ ya àwòrán egungun, wọ́n ti jọ jókòó síwájú dókítà, àṣírí kan sì wà lára ọ̀rẹ́ mi tí ẹlòmíì mọ̀ tí èmi ò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọpọlọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìyókù. Lójoojúmọ́. Bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

"Mà, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀," ọmọ náà ní láìwò mí. "Mọ́mì ni wọ́n ní mi ò gbọdọ̀."

Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Mo wa mọ́tò mi tẹ̀ lé wọn dé ilé ìwòsàn ní Jẹ́ríkò. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní ta ló mọ̀ nípa ẹsẹ̀ ìyá yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi àti ọmọ náà la jọ dìde. Mo rántí ara mi, mo tún jókòó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè lọ wò ó. Wọ́n ti dá a padà sílé. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ra ọsàn, mo rìn lọ sí ilé rẹ̀. Bàtà ọmọbìnrin yẹn ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba ọsàn, ó lọ sí kíṣìnì. Ó mọ ibi tí àwo wà. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àga ńlá, ó na ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n ti fi báńdéèjì dì í láti itan dé ojúgun.

"O ò wá," ó ní.

Ó pè mí ní ìwọ. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún.

"Ojú ń tì mí."

"Jókòó."

Mo jókòó. Mo ní kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ẹ̀sùn. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Kí ló dé? Ọmọ ọlọ́mọ mọ̀, èmi ò mọ̀!"

"Ilé ìwòsàn ni mo ti pàdé ẹ̀," ó ní. "Dókítà ní egungun orúnkún mi ti ń ha ara wọn. Ó ní kí n yé rin ọ̀nà jíjìn, pé básíkù ló sàn fún irú rẹ̀ torí kì í jẹ́ kí ara wúwo lé e. Ọmọ yẹn ní òun á kọ́ mi. Tí mo bá sọ fún ẹ, kí lo máa ṣe?"

Ó ń wò mí.

"Màá jókòó tì ẹ́ nílé," mo ní.

"Ṣé o rí i? O máa jókòó tì mí. O ò ní rìn mọ́ láé. Ẹ̀jẹ̀ ẹ á tún gòkè bó ṣe ṣe lọ́jọ́sí, a ó gbé ẹ lọ, a ó máa bẹ Ọlọ́run. Mi ò fẹ́ ẹ. Mo ní kó o máa rò pé eré ni mò ń ṣe."

Àwọn àgbà ní ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni. Mo ti ń pa òwe yẹn fún àwọn ọmọ mi láti kékeré wọn. Mo wolẹ̀.

"Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn wá ńkọ́?" mo bi í. "O mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́. O lè ní rárá. O lè lu agogo kí o kọjá lára mi. Ṣé mo máa lù ẹ́ ni?"

"Ṣé o rò pé mi ò mọ ẹni tí o ṣe òfin fún? Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti mọ̀." Ó fọwọ́ pa báńdéèjì náà. "Ṣùgbọ́n kó tó di òfin, tí mo bá juwọ́ sí ẹ, omi lo máa ń kọjú sí. O ò ní dá mi lóhùn. Nígbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nìkan lo ń bi mí pé ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Mo ní kí orúnkún ó máa dùn mí."

Mo ní "Má bínú," ohùn mi ò jáde, mo tún un sọ. Ó ní òun ti gbọ́ èyí àkọ́kọ́. Ó ní dókítà ti ní kò sí básíkù mọ́, kò sì sí ìrìn etí omi mọ́, pé bóyá wọ́n á la orúnkún náà, bóyá wọn ò ní là á. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ọmọ náà gbé ọsàn tó bó wọlé, ó pín in, ó yọ kóró inú ti ọ̀rẹ́ mi kúrò kó tó fún un. Mo jẹ tèmi pẹ̀lú kóró.

Nígbà tí mo dìde pé mo fẹ́ máa lọ, ó ní òun á sìn mí dé gẹ́ètì. Mo ní kó jókòó jọ̀ọ́, ta ni ń fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sin àlejò? Ó ní òun ò tíì jẹ́ kí n dá jáde nílé òun rí, òun ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Mo yára na ọwọ́ mi sí i. Ó rí ọwọ́ mi, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Ṣùgbọ́n èjìká ọmọ náà ló dì mú tó fi dìde, ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọ̀rẹ́ mi tó nawọ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ara rẹ̀ ló ti mọ ibi tí yóò gbára lé. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń dùn mí báyìí tí mò ń sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí àwọn méjèèjì lè kọjá.